Bẹ́ ẹ ṣe máa to kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ olówó pọ́ọ́kú fún ìbọn afẹ́fẹ́, àti ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò tó bá ń ṣe ségesège

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bú àwọn kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ olówó pọ́ọ́kú yìí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, pé kò dáa, pé kì í tọ́jọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wádìí ọ̀rọ̀ wò dáadáa, ooru àti omi ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó ni ín tan án, ó jókòó tì í, kò jẹ́ kó sinmi, kò da omi inú ẹ̀ nù, ó wá ń sọ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. Torí náà gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ níbí, kó má gbóná jù, kí omi má wọnú ìbọn, ìdí méjì yẹn náà ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tá à ń bá ṣeré. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́, bíi 8 sí 10 bar ló máa ń gbé e dé, bar yìí ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́. Ìbọn PCP, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ máa rọ afẹ́fẹ́ sí sìlíńdà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yìn ín, ó ń gba 200 bar, àwọn kan ń gba 250, àwọn kan ń gba 300. 200 bar yẹn tó nǹkan bíi 2,900 PSI, ìyẹn ìwọ̀n míì tí wọ́n ń lò, 300 bar sì tó bíi 4,350. Kò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ lè fi mú ti táyà ṣe é, ẹ má dánwò. Ẹ tún wo ara ìbọn yín, wọ́n máa ń kọ iye tó lè gbà síbẹ̀, iye yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, pé kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ yín lè dé 300 kò ní kẹ́ ẹ fi 300 sínú ìbọn tó ní 200 lòun fẹ́.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nínú àwọn tówó ẹ̀ ò wọ́n. Àkọ́kọ́ ni kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀ 12V, tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kan gbé. Ìkejì ni ńlá tó ń lo iná ilé, tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń tù ú lára, òun ló ní ọ́ìlì nínú. Kékeré yẹn, sìlíńdà ara ìbọn ni kẹ́ ẹ máa fi rọ. Tẹ́ ẹ bá ní táńkì ńlá bíi 6 lítà tàbí 9 lítà tẹ́ ẹ fẹ́ kún, ẹ gbà á gbọ́ pé ńlá lẹ nílò, torí kékeré á ṣiṣẹ́ títí á fi jóná kí táńkì yẹn tó kún.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ńlá torí òun ni wàhálà ẹ̀ pọ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé wọn kì í sábà rọ ọ́ìlì sí i wá láti ilé iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ nínú páálí tẹ́ ẹ sì tan án bẹ́ẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Ẹ wo ìwé kékeré tó bá a wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń béèrè ọ́ìlì háídírọ́líìkì nọ́ńbà 46, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa sì máa ń fi ọ́ìlì kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ gidi sí i. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kọ́ o, ọ́ìlì ìdáná kọ́. Ẹ rọ ọ́ débi àárín ojú gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá ibẹ̀, tó bá ti pọ̀ jù á gba ara písítìn gòkè, á sì bá afẹ́fẹ́ wọnú ìbọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tó gba 15 sí 20 lítà, ẹ bu omi tó mọ́ sí i, ẹ ri pọ́ńpù kékeré yẹn sínú omi pátápátá, họ́ọ̀sì ẹ̀ kan á wọ orí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, èkejì á máa da omi padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Pọ́ńpù omi lẹ máa kọ́kọ́ tàn. Ẹ dúró kẹ́ ẹ fojú ara yín rí omi tó ń padà bọ̀ kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀, torí pé pọ́ńpù ń dún kò ní kí omi máa lọ, họ́ọ̀sì lè ká, afẹ́fẹ́ lè há síbẹ̀.

Wàyí o, ẹ ṣí àwọn sikúrúù tẹ́ ẹ fi ń tú afẹ́fẹ́ dànù, bleed ni wọ́n ń pè é, méjì ló sábà máa ń ní, ẹ ṣí méjèèjì sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn máa ṣiṣẹ́ lófìfo bíi ìṣẹ́jú 10, kí àwọn ríìngì inú ẹ̀ jókòó síra wọn. Lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ yẹn nù kẹ́ ẹ fi tuntun sí i, ẹ máa rí i pé ó ti dúdú, tó ń dán yinrinyinrin, irin tó ha kúrò lára ẹ̀ nìyẹn.

Ti kékeré 12V ò le. Ẹ fi kílíìpù ẹ̀ mú orí bátìrì gan-an, pupa sí pọ́sítíìfù, dúdú sí nẹ́gátíìfù, kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wà ní títàn. Ẹ má ki í bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ yìí lè fa iná tó 20 sí 30 amp, fíúsì ibẹ̀ ò lè gbé e. Ẹ má sì fi wáyà tín-ín-rín fà á gùn. Èyí tó ní ádápítà iná ilé, ádápítà yẹn náà máa ń gbóná, ẹ má gbé e sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì fi nǹkan dí fáànù ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì àti síílì wá, níbí lọ̀pọ̀ ti máa ń ba nǹkan jẹ́. Ìdè, ìyẹn ẹnu onísikúrúù tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀, tí wọ́n ń pè ní M10x1 àti èyí tí wọ́n ń pè ní 1/8 BSP jọra bí ìbejì, wọ́n tiẹ̀ máa ń wọra wọn díẹ̀ kó tó le, ẹni tó bá wá fi sípánà tì í ti ba orí ẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Tí kò bá fọwọ́ wọlé wẹ́rẹ́ fún ìyípo mélòó kan, kì í ṣe ẹnì kejì ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí, wásà onírọ́bà ló ń dí wọn, tépù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ó kàn máa já wẹ́wẹ́ wọnú fáàfù ni.

Gíríìsì ńkọ́? Sílíkóòn nìkan, díẹ̀ tó máa kàn dán lára O-ring, ìyẹn ríìngì rọ́bà tó ń dí ojú ìdè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gíríìsì ọkọ̀ tàbí ọ́ìlì tó bá ṣáà ti wà nílẹ̀ kan ibi tí afẹ́fẹ́ líle ń gbà, torí afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ bá fún pọ̀ lójijì máa ń gbóná gan-an, bí ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì ṣe ń tanná láìní plọ́ọ̀gì nìyẹn, ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ lè gbiná kó sì bú gbàmù. Torí ìdí kan náà, ọ́síjìn ò gbọ́dọ̀ dé ìtòsí ìbọn afẹ́fẹ́ láéláé, afẹ́fẹ́ lásán là ń sọ.

Kẹ́ ẹ tó so ìbọn mọ́ ọn, ẹ dán họ́ọ̀sì wò. Ẹ dí ẹnu ẹ̀ pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń dí i tó bá a wá, ẹ ti bleed, ẹ tan án, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí bọ́tìnnì torí afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀sì kéré, gééjì, ìyẹn ojú tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ hàn, á sáré gòkè láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Tó bá dé 100 ẹ pa á. Ẹ wò ó bóyá ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìdè, ibi tó bá ń hó ló ń jò. Ẹ má fi ìka wá ibi tó ń jò o! Afẹ́fẹ́ tó le báyẹn lè gún awọ ara wọlé, ilé ìwòsàn tààrà ni. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó ń jò, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ dànù tán kẹ́ ẹ tó fi sípánà kàn án.

Ó ti tó àkókò láti rọ afẹ́fẹ́ sínú ìbọn wàyí. Kí ìbọn má ní ọta nínú, ẹ yọ mágàsíìnì ẹ̀, ẹ wọ jígí ojú. Tẹ́ ẹ bá ti tan án, gééjì á fò gòkè wàràwàrà títí dé iye tó ti wà nínú ìbọn tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ lá ti wá máa rìn díẹ̀díẹ̀, kò bàjẹ́, fáàfù ìbọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ní ìṣẹ́jú 5, 5, ẹ ṣí bleed díẹ̀ kẹ́ ẹ tú omi dànù, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń tu itọ́. Ibi tí omi ọ̀hún ti wá nìyí: afẹ́fẹ́ tá à ń mí ní omi nínú, ẹ sì ń kó bíi 200 lítà ẹ̀ sínú àyè lítà kan tó bá jẹ́ 200 bar, omi yẹn ò ráyè fara pamọ́ mọ́, ó máa yọ lómi gidi. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó wọlé, á dípẹtà sára irin sìlíńdà, á ba fáàfù àti régúlétọ̀ tó ń ṣètò afẹ́fẹ́ inú ìbọn jẹ́. Nítorí náà fílítà tó wà láàárín kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ àti ìbọn kì í ṣe fáàrí. Ẹ máa pààrọ̀ òwú inú ẹ̀ tó bá ti tutù tàbí tó pọ́n, tó bá sì jẹ́ oníhóró silica gel, àwọ̀ ẹ̀ á yí padà tó bá ti mu omi yó. Ní àsìkò òjò ó máa ń tètè yó.

Ooru: ọ̀pọ̀ wọn ní ojú tó ń fi ooru hàn, tó bá ti ń súnmọ́ 60 sí 70 digirí ẹ pa á kó sinmi. Kékeré yẹn, bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó o lójú tèmi, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó tún tan án. Kí omi bọ́kẹ́ẹ̀tì má lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ lè ju yìnyín sí i. Kẹ́ ẹ má sì fi í sílẹ̀ lọ ibì kankan, kódà tí gééjì bá ní òun lè dá pa á, gééjì wọ̀nyẹn máa ń gbàgbé nígbà míì. Tó bá ti kún, ẹ pa á, ẹ ṣí bleed kí gééjì lọ sí òdo, ìgbà yẹn lẹ tó lè yọ họ́ọ̀sì. Tí kò bá fọwọ́ yọ, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ gbé píláyà jìnnà.

Tó bá wá ń ṣe ségesège ńkọ́? Èyí tí mo ti gbọ́ jù ni "ó ń ṣiṣẹ́ àmọ́ gééjì ò gbéra". Ẹ kọ́kọ́ wo bleed, lọ́pọ̀ ìgbà wọn ò tì í dáadáa. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ wo burst disc, páànù kọ́pà pẹlẹbẹ kékeré kan tó máa ń bẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ jù, tó bá ti bẹ́ ẹ máa ti gbọ́ ariwo ẹ̀. Wọ́n máa ń fi àpààrọ̀ ẹ̀ sínú páálí, ẹyọ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi méjì síra wọn tàbí tó gé páànù agolo sí i torí kó má baà bẹ́ mọ́, ó ti yọ nǹkan tó ń gba ẹ̀mí ẹ̀ là.

Tó bá ń gòkè dé bíi 100 tàbí 150 tó wá dúró síbẹ̀, tó kàn ń gbóná, písítìn kékeré ni kẹ́ ẹ fura sí, òun ló ń ṣe iṣẹ́ líle. Ríìngì tàbí O-ring ara ẹ̀ ti jẹ, tàbí ìdọ̀tí há sí fáàfù orí ẹ̀. Ríìngì yẹn kò wọ́n, ẹ ti ra àfikún sílẹ̀ kó tó di pé ẹ nílò ẹ̀.

Tí mọ́tò ẹ̀ bá ń kùn tí kò yí, afẹ́fẹ́ àná ló ṣì wà lórí písítìn, ẹ ṣí bleed kẹ́ ẹ tún tan án. Tí kò bá jẹ́ ìyẹn, iná tó lọ sílẹ̀ ni tàbí wáyà tín-ín-rín, àwọn kan sì ní búrọ́ọ̀ṣì kábọ̀n tó máa ń jẹ tán.

Èyí tó máa ń da orí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rú jù wá nìyí: ìbọn tó ti tán pátápátá, afẹ́fẹ́ ń wọlé níhìn-ín, ó ń jáde lẹ́nu ìbọn lọ́hùn-ún, wọ́n á ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ò lágbára. Ìbọn ni kẹ́ ẹ kọ́, ìyẹn kẹ́ ẹ fà á sẹ́yìn bíi pé ẹ fẹ́ yìn ín. Tí kò bá sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, irin tó ń lu fáàfù máa ń tẹ̀ ẹ́ ṣí, ẹ kọ́ ìbọn yẹn kí irin náà kúrò lórí ẹ̀, fáàfù á padé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba afẹ́fẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ kún un dé 200, tẹ́ ẹ padà dé tó ti di 190, ẹ fọwọ́ kan sìlíńdà kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan, ó gbóná nígbà tẹ́ ẹ ń rọ ọ́, ó ti tutù báyìí, agbára afẹ́fẹ́ tó tutù á dín. Tó bá di ọjọ́ kejì tó ṣì ń lọ sílẹ̀, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá omi ọṣẹ.