Kí Ọjọ́ Pàṣípààrọ̀ Irúgbìn Tó Pé

Ẹ̀yin ará wa tí a jọ ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé ní Yábàá àti Súrùlérè, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe di irúgbìn tútù sínú ọ̀rá wá síbi ìpàdé wa, nítorí pé ooru àti ọ̀rinrin Èkó máa ń mú kí ó bu kí ó tó dọ́wọ́ ẹni tí yóò gbìn ín. Ẹ jẹ́ kí ilá gbó, kí ó gbẹ lórí igi rẹ̀, kí ẹ wá sá hóró rẹ̀ síbi ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bí ẹ bá fi èékánná tẹ hóró kan, tí ó sì gba èékánná, kò tíì gbẹ. Bébà ni kí ẹ fi wé e, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti oṣù tí ẹ ká a sí i lára. Bí ó bá jẹ́ háíbíríìdì, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n mú jáde láti ara oríṣi méjì tí wọ́n pò pọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ẹni tí ó gbà á, torí pé ọmọ rẹ̀ kì í sábà jọ ìyá.