Bí mo ṣe fi ìfaragbora lẹ alumíníọ́ọ̀mù mọ́ irin lórí lathe

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi electrode jó alumíníọ́ọ̀mù mọ́ irin, ara rẹ̀ ló ń yọ lẹ́nu. Ní nǹkan bí 660°C ni alumíníọ́ọ̀mù ń yọ́. Irin ń retí nǹkan bí 1,500°C. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọyẹmẹkùn, Àkúrẹ́, mo jẹ́ kí irin máa yí lórí lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè fá a, kí alumíníọ́ọ̀mù dúró, kí wọ́n máa gbo ara wọn títí wọ́n á fi gbóná lẹ̀ láìyọ́.

Ọ̀pá mild steel (irin lásán) àti 6061 (irú alumíníọ́ọ̀mù kan) ni, 12 mm ni ìbú wọn. Mo fá ojú méjèèjì kó tẹ́, mo fi acetone (omi tó ń fọ epo kúrò) nù ún, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́: epo ara ìka lásán tó láti bà á jẹ́.

Irin wà nínú chuck, ẹnu lathe tó ń di nǹkan mú tó sì ń yí i. Ẹ má di alumíníọ́ọ̀mù sínú drill chuck ti tailstock, ìdí lathe tó dojú kọ chuck, o; yóò yọ̀, yóò sì ha ihò tailstock. Bulọ́ọ̀kù tí mo dì mọ́ toolpost (ibi tí ọ̀bẹ lathe ń jókòó) ni mo há a sí, láti ara chuck gan-an ni mo sì ti lu ihò rẹ̀, kí ojú wọn lè ṣe déédéé. Mo tú carriage, apá tó ń gbé toolpost rìn, sílẹ̀, mo wá fi tailstock máa ti ìdí ọ̀pá náà.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo lò, torí iná tó ń lọ sókè sódò kò jẹ́ kí eré lathe dúró. Yíyí 1,400 ní ìṣẹ́jú kan ni eré rẹ̀. Ẹ má retí kí alumíníọ́ọ̀mù pọ́n, kì í pọ́n. Ẹnu rẹ̀ tó ń ká bí etí olú ni kí ẹ máa wò. Nígbà tó fi 4 mm kúrú, mo tẹ bíréèkì, mo tún tì í gidi lẹ́ẹ̀kan náà, mo dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Mẹ́ta ni mo ṣe. Láti dán wọn wò, mo há irin mọ́ fáìsì, mo ki páìpù bọ alumíníọ́ọ̀mù, mo tẹ̀ ẹ́. Èyí àkọ́kọ́ já wẹ́rẹ́: bíréèkì pẹ́, yíyí tó kù ti fa ojú ìlẹ̀ ya. Èkejì gbo ara fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kán bí àwo. Bí ooru bá pẹ́, irin àti alumíníọ́ọ̀mù á para pọ̀ di ìpele líle tí kì í tẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, alumíníọ́ọ̀mù ló tẹ̀, ìlẹ̀ dúró. Ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀ ló ti tẹ̀, nítorí ooru ti sọ ibẹ̀ di rírọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù lé e, kó má fi agbára 6061-T6 (6061 tí wọ́n ti fi ooru mú le) ṣe ìṣírò níbẹ̀.