Bí mo ṣe gbé pọ́ǹpù ìnsúlíìnì la oòrùn Èkó kọjá

Láti Agége dé Balógun, kò sí ẹni tó mọ ibi tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ máa ká èèyàn mọ́. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò mi ni mo fẹ́ lọ rà, àtọ̀gbẹ sì ń ṣe mí, tọ̀sán-tòru ni pọ́ǹpù ìnsúlíìnì wà lára mi, ẹ̀rọ kékeré tó ń rọ ìnsúlíìnì, oògùn tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, sí mi lára díẹ̀díẹ̀. Ìnsúlíìnì inú ẹ̀rọ yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ó bá gbóná kọjá 37°C, dídànù ló tọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ó lè ṣì mọ́ gaara bí omi lójú ẹni.

Mo ti gbé ìgò rẹ̀ kúrò nínú fíríìjì tipẹ́ kí n tó rọ ọ́ sínú pọ́ǹpù, torí tútù rẹ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ sínú ọ̀pá, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìnsúlíìnì láti inú pọ́ǹpù wọ ara. Ìwọ̀nba tó máa tó mi lò ni mo rọ. Mo nu ikùn mi gbẹ, mo fi tẹ́ẹ̀pù kún ti tẹ́lẹ̀ nítorí òógùn, mo wá ki pọ́ǹpù àti ọ̀pá rẹ̀ sábẹ́ bùbá. Ọ̀pá tó bá yọ síta, oòrùn á sè é.

Ìnsúlíìnì mìíràn tí mo mú dání, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e kí n tó fi sínú fúláàsì oníyìnyín. Kò gbọdọ̀ kan yìnyín. Ìnsúlíìnì tó bá ti dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn kan ń lo àpò tí wọ́n ń rẹ sómi. Ó dára níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Èkó tutù rinrin, fúláàsì ni mo fọkàn tán.

“Àǹtí, ẹ bọ́ síwájú!” ni kọ̀ńdọ́ mi ń pariwo. Mo kọ̀, ooru ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀. Lórí Third Mainland, ọkọ̀ dúró pátápátá. Mo fi ìborùn bo ìbàdí mi.

Ní Balógun, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ooru àti ìrìn máa ń jẹ́ kí ìnsúlíìnì yára wọ ara. Mo gún ìka mi láti wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ mi: 64 mg/dL, ó ti lọ sílẹ̀ jù. “Ọmọ mi, jókòó,” ni ìyá aláṣọ wí, ó sì ti àpótí sí mi. “Ẹ ṣé, Mà.” Mo lá gúlúkóòsì, mo dúró fún ìṣẹ́jú 15, mo tún un wò: 97.

Abẹ́rẹ́ tún wà nínú báàgì mi. Ìnsúlíìnì pọ́ǹpù kì í pẹ́ lára. Bí pọ́ǹpù bá dáwọ́ dúró fún wákàtí mélòó kan, ewu ńlá ni. Bí ṣúgà bá ga tí pọ́ǹpù ò lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi gba ìnsúlíìnì mìíràn, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ̀pá.

Nígbà tí mo délé, mo da ìyókù inú pọ́ǹpù nù. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kì í dá a padà sínú ìgò.