Bí a ṣe ń dá ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà mọ̀ kí a tó dá a dúró

Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ tí Ojúde Ọba ń bọ̀, ojú òpó àwọn tó ń ta aṣọ ẹgbẹ́ n'Ìjẹ̀bú-Òde kì í sinmi. Oríṣiríṣi rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń sanwó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lókè òkun náà ń sanwó, sáfà kan náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ojú òpó náà dúró, ni gbogbo wọn sì ń ya lù. Àsìkò yẹn gan-an ni sáfà náà máa ń gan, tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á wá sáré tẹ `kill -9`, àṣẹ tó ń pa ètò lójijì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ pa.

Ẹ fi `ssh`, irinṣẹ́ tí a fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, wọlé, kí ẹ tẹ `top` láti rí àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́. Lórí Linux, P ńlá á to àwọn ètò bí wọ́n ṣe ń jẹ CPU sí, M ńlá á tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ mẹ́mórì. Ẹ tẹ q láti jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá nginx, ètò tó ń dá àwọn tó ń ṣí ojú òpó lóhùn:

`ps -ef | grep nginx`

Ẹ lè rí irú èyí, bí a bá yọ àwọn òpó àárín kúrò:

root 812 1 nginx: master process
www-data 815 812 nginx: worker process

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni PID, ìyẹn nọ́ńbà ètò náà fúnra rẹ̀. Èkejì ni PPID, nọ́ńbà òbí tó bí i. Bí àjèjì bá wọ ìlú wa, a ó bi í pé ọmọ ilé ta ni. Iṣẹ́ tí PPID ń ṣe nìyẹn. 812 ló bí 815. Bí ẹ bá pa 815, 812 á bí òmíràn, ẹ ó sì kàn máa ṣe wàhálà lásán. 1 ló bí 812, systemd, ètò tó ń gbé àwọn ètò yòókù dìde, sì ni 1 lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní.

Bí ètò kan bá kọ̀ tí kò dìde, tó ń sọ pé "Address already in use", ètò mìíràn ló ti gba pọ́ọ̀tù rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tó ń gbà gbàlejò. Ẹ wò ó báyìí:

`sudo ss -ltnp`

Láìsí `sudo`, ẹ kò ní rí orúkọ ètò tí kì í ṣe tiyín. Lórí Mac, `sudo lsof -nP -iTCP -sTCP:LISTEN` ni. FreeBSD ní `sockstat -l`.

Ó wá ku dídá a dúró. Bí systemd ló gbé e dìde, systemd náà ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀: `systemctl status nginx`, lẹ́yìn náà `sudo systemctl restart nginx`. Bó bá jẹ́ ìtò rẹ̀ (config) nìkan lẹ yí padà, ẹ fi `sudo nginx -t` yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ wá lo `reload` dípò `restart`, kí ẹni tó ń sanwó lọ́wọ́ má bàa já.

Ètò tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé dìde ńkọ́? Bí 2143 bá jẹ́ PID rẹ̀, `kill 2143` ti tó. Àmì TERM ló ń rán sí i: ètò náà á ráyè kó ẹrù rẹ̀ jọ kó tó lọ. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí ẹ fi `ps -p 2143` wò ó. Àfi tó bá ṣì wà níbẹ̀ ni kí ẹ tó ronú kan -9, tí kì í fún ètò láyè kankan.

Ẹ má dán -9 wò lórí dátábéèsì. Bí ẹ bá fi pa ìsopọ̀ kan ṣoṣo nínú PostgreSQL, tó jẹ́ ètò dátábéèsì kan, gbogbo ìsopọ̀ yòókù ló máa já, owó aṣọ tí ẹnì kan ń san lọ́wọ́ á sì dúró sójú ọ̀nà. Ẹ wọ inú `psql`, ibi tí a ti ń bá PostgreSQL sọ̀rọ̀, kí ẹ lo `SELECT pg_cancel_backend(2143);`, bí 2143 bá jẹ́ PID ìsopọ̀ náà: iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ nìkan ló máa dá dúró.

Bí `top` bá kọ Z síwájú ètò kan, ó ti kú tẹ́lẹ̀. Òbí rẹ̀ ni kò tíì gba ìròyìn ikú rẹ̀, òbí náà ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. D ń dúró de nǹkan, dísìkì ló sì sábà máa ń jẹ́.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀, ẹ ka `journalctl -u nginx` àti `sudo journalctl -k`. Bí ẹ bá rí "Out of memory: Killed process" nínú èkejì, mẹ́mórì ló tán. Ẹ fi kún un, tàbí kí ẹ dín iye worker nginx kù kí Ojúde Ọba tó pé.