Ìjábẹ̀: bí a ṣe ń rà á, bí a ṣe ń dì í, àti bí a ṣe ń fi já ewédú

Ẹ̀rọ ìlọta wà nílé ìdáná mi. Ọ̀bẹ wà níbẹ̀ bíi márùn-ún. Ọlọ tí mo jogún lọ́wọ́ ìyá ìyá mi wà lábẹ́ tábìlì, ó wúwo débi pé nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ kó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn, òun ni mo kọ́kọ́ ń rò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan péré, ìjábẹ̀ ni n óò mú: ìdì ìgbálẹ̀ kékeré tí kò gùn ju ọwọ́ lọ, tí owó rẹ̀ kò sì ju ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa bi mí pé ẹ̀rọ ńkọ́. Mo ti lò ó. Gígé ni ẹ̀rọ ń gé ewédú, fífọ́ ni ìjábẹ̀ ń fọ́ ọ. Èyí tí ẹ̀rọ lọ á máa hó bí omi ọṣẹ, á sì kúnná jù. Èyí tí a fi ìjábẹ̀ já ṣì ní ewé wẹ́wẹ́ nínú, ó ń fà, bí ẹ bá fi òkèlè kàn án, á tẹ̀ lé òkèlè náà dé ẹnu. Bó bá jẹ́ ogún èèyàn ni mo ń se fún, ẹ̀rọ náà ni mo ń lò, n ò ní purọ́. Apá mi kì í ṣe irin.

Rírà rẹ̀

Ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta kaún àti irú ni mo ti máa ń rí i. Ẹ má kàn mú èyí tó wà lókè. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹnu rẹ̀: ó yẹ kó le, kó sì ta padà. Bó bá rọ̀ bí okùn, kò tíì gbẹ nìyẹn. Bó bá ń ṣẹ́ kẹ́kẹ́, oòrùn ti pa á jù. Ẹ gbé e símú pẹ̀lú; bó bá ń rùn bí aṣọ tó pẹ́ nínú omi, ẹ dá a padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí wọ́n fi dì í. Bó bá jẹ́ rọ́bà, ẹ rà á, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti délé, ẹ tú rọ́bà náà dànù kí ẹ fi òwú tó nípọn tún un dì.

Ojú mi ti rí i ni mo fi ń sọ ọ́. Ọdún tí mo gbéyàwó, àwọn àna mi wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú kan, mo sì fọ́nnu pé èmi ni màá se oúnjẹ. Mo ti ro àmàlà, ọbẹ̀ ata ti jinná, ewédú nìkan ló kù. Mo ki ìjábẹ̀ tuntun bọ ìkòkò, n ò tíì já a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí mo fi gbọ́ "táù!" Ooru ti pa rọ́bà, ó ti já, ẹyọ ìgbálẹ̀ sì ti fọ́n ká inú ọbẹ̀. Mo fi fọ́ọ̀kì ṣà á títí mo fi rò pé ó tán. Bàbá ìyàwó mi ló rí èyí tó kù. Ó rọra yọ ọ́ lẹ́nu, ó gbé e sí etí abọ́, ó ní, "Àna wa, ewédú tiyín a máa léegun ni?" Títí dòní, bí mo bá débẹ̀, wọn a máa bi mí léèrè eegun ewédú.

Bí ẹ bá fẹ́ di tiyín fúnra yín

Bí ọ̀pẹ bá wà nítòsí, ẹ gé imọ̀ rẹ̀ tó ti gbó; màrìwò rọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi ọ̀bẹ fá ewé kúrò lọ́tùn-ún lósì kó ku egungun àárín rẹ̀ nìkan, kí ẹ sá a fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí kò bá sí ọ̀pẹ, ẹ ra ìgbálẹ̀ tuntun tí kò tíì kan ilẹ̀ rí, kí ẹ yọ nínú rẹ̀.

Ẹ kó ẹyọ rẹ̀ jọ títí yóò fi nípọn tó àtàǹpàkò méjì tí a so pọ̀. Ẹ gé e kó gùn tó orí ìka àárín dé ọrùn ọwọ́. Ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lókè ewé ni kí ẹ gé sọ nù, nítorí òun ló máa ń ṣẹ́ sínú ọbẹ̀. Ẹ kó ibi tó nípọn sí apá kan náà: ibẹ̀ ni ẹnu ìjábẹ̀, òun ni yóò máa kan ìdí ìkòkò. Ẹ fi gbogbo ẹnu rẹ̀ lu tábìlì kó dọ́gba, kí ẹ wá fi òwú dì í pinpin níbi méjì, lókè àti láàárín. Ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa ṣí díẹ̀ bó bá kan ìkòkò.

Yálà ẹ rà á o, yálà ẹ dì í, ẹ má tíì fi se nǹkan. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi náà á pọ́n bí omi tíì. Ẹ dà á nù, kí ẹ tún un bọ̀ títí omi yóò fi mọ́, kí ẹ tó sá a sóòrùn.

Ó wá ku ewédú

Amúgbàdù tí ewé rẹ̀ fẹ̀ dára, oníyaya tí etí ewé rẹ̀ là wẹ́wẹ́ náà dára. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó jẹ́ ewé ọ̀dọ́. Ẹ ṣa ewé nìkan, ẹ má jẹ́ kí igi rẹ̀ bá a wọ ìkòkò. Ara igi ewédú yìí náà ni wọ́n ti ń fa okùn tí wọ́n fi ń hun àpò kókó, ní Íńdíà àti Bangladesh. Kò sí ìjábẹ̀ tó lè fọ́ ìyẹn.

Ẹ fọ ewé náà dáadáa lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí iyanrìn lọ. Fún ewé tó kún ife mẹ́rin, ife omi kan àti ààbọ̀ ti tó. Kaún ńkọ́? Ìwọ̀n èékánná ìka tó kéré jù lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú omi díẹ̀ kó tòrò, kí ẹ wá da omi orí rẹ̀ sínú ìkòkò, kí iyanrìn rẹ̀ kù sílẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ọbẹ̀ á máa ta lẹ́nu bí omi ọṣẹ.

Bí omi bá hó, ẹ da ewé sí i. Ẹ má dé e: bí ẹ bá dé e, á ru dà sórí iná, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, bí ewé bá ti rọ̀, ẹ dín iná kù.

Ẹ wá gbé ìjábẹ̀. Ìkòkò tí wọ́n kun inú rẹ̀ kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn kò gba iṣẹ́ yìí o, ẹ ó họ ọ́ bàjẹ́. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìkòkò mú, kí ẹ na ìjábẹ̀ dúró ṣánṣán, kí ẹ máa gún un sókè sódò. Ẹ má rò ó bí ẹni ro ògì. Bí ẹni gún iyán ni, àmọ́ ọrùn ọwọ́ ni kó máa ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí èjìká sinmi. Ẹ fetí sílẹ̀: ṣàkà-ṣàkà ló máa kọ́kọ́ máa dún. Bó bá ti ń yọ̀, ohùn yẹn á wálẹ̀, á di pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀. Ẹ gbé ìjábẹ̀ sókè kí ẹ wò ó. Bí èyí tó ń kán lẹ́nu rẹ̀ bá já lẹ́ẹ̀kan náà, ó ku díẹ̀. Bó bá fà gùn tó ìka kan kó tó já, ó ti tó. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ lọ́wọ́ mi.

Ẹ fi irú, iyọ̀ àti edé gbígbẹ tí a lọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú méjì láìdé e, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ ni kí ẹ sè, nítorí bí ẹ bá ń gbé e kaná lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, yíyọ̀ rẹ̀ á lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, bí ẹ kò bá rí ewédú tútù, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù àwọn Lárúbáwá. Ewé kan náà ni àwọn ará Íjíbítì ń pè ní molokhia, wọ́n sì máa ń tà á ní dídì, ní gígé wẹ́wẹ́. Bó ṣe dì yẹn náà ni kí ẹ jù ú sínú omi gbígbóná, kí ẹ dín omi kù. Ìjábẹ̀ ìṣẹ́jú kan tó o.

Fífọ̀ rẹ̀

Ẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, torí bí ewédú bá gbẹ mọ́ ọn, bí gọ́ọ̀mù ló rí. Omi tútù ni, láìsí ọṣẹ, nítorí ọṣẹ a máa há sáàárín rẹ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fi kọ́, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Bí ẹ bá tì í mọ́ inú nylon, á hu funfun kó tó di ọjọ́ kẹta.

Ìjábẹ̀ yìí náà la fi ń fọ́ ẹ̀wà gbẹ̀gìrì, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni mo ya tiẹ̀ sí. Bí èyíkéyìí bá ti ń ṣẹ́ sínú ọbẹ̀, ó ti di ti fífọ ìdí ìkòkò nìyẹn. Tèmi tó wà lójú fèrèsé báyìí ti lo oṣù mẹ́jọ, ó sì ti kúrú débi pé ooru ọbẹ̀ ń jó mi níka. Ó di Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé.