Ẹ má fi owó yín ṣòfò lórí ìrèké ilé iṣẹ́ ṣúgà

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú tipẹ́. Ọdọọdún làwọn ará wa ń kówó wá láti Àbújá sí agbègbè Bida níbí, wọ́n á gba àkùrọ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ìrèké tí kò yẹ, pé àwọn fẹ́ tà á fún ilé iṣẹ́ ṣúgà.

1. Ẹ má gbin ìrèké jíjẹ fún ilé iṣẹ́. Èyí ló ń dùn mí jù. Ìrèké ńlá tó rọ̀, táwọn ọmọ Hausa ń fi bárò tì kiri ìgboro, ti ẹnu ni. Omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó le, ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀, háhá rẹ̀ náà sì pọ̀. Háhá yẹn ni wọ́n ń dáná sí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́. Ta ló fẹ́ ra èyí tí kò ní ṣúgà tó, tí kò sì ní háhá tó?

Àbúrò kan láti Kubwa ra irúgbìn lọ́jà, ó ní kò wọ́n. Nígbà tí mo débẹ̀, pàṣán dúdú gígùn ti yọ lórí àwọn ìrèké náà. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ìyẹ̀fun dúdú bò mí lọ́wọ́ bí ẹ̀ẹ́dú. Àrùn ìrèké tí wọ́n ń pè ní smut nìyẹn, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ sóko ẹlòmíì. Ńṣe la hú gbogbo rẹ̀, a dáná sun ún. Bẹ́ẹ̀, Badeggi ò jìnnà síbẹ̀! Ibẹ̀ ni NCRI, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí irè oko, ti ń mú irúgbìn ìrèké tí wọ́n ń pè ní NCS jáde. Yunifásítì Ìlọrin náà ní irúgbìn tirẹ̀, ILS. Torí kí ṣúgà lè pọ̀, kí àrùn má sì tètè mú un, ni wọ́n ṣe ń ṣa irú wọ̀nyí.

2. Ìrèké tó ti gbó kì í ṣe irúgbìn. Èyí tó ṣì kéré ni kẹ́ ẹ gé, kí ègé kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì tàbí mẹ́ta.

3. Ẹ máa fọ àdá yín. Àrùn kan wà tí kì í hàn lójú, tó kàn ń sọ ìrèké di kúkúrú, àdá ló ń gbé e kiri. Omi gbígbóná ìwọ̀n 50 Celsius fún wákàtí méjì la fi ń wẹ irúgbìn torí rẹ̀.

Àwọn kan á sì gé ìrèké tán, wọ́n á tún ilẹ̀ kọ. Kí ló dé? Èéhù lèrè irú tó dáa! Ó máa hù padà lẹ́ẹ̀kan sí i àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìtún ra irúgbìn. Ẹ ro ó, ẹ fún un ní ajílẹ̀.

Ẹ má gé e kí ọkọ̀ tó dé o. Bí ìrèké tá a ti gé ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni ṣúgà inú rẹ̀ ń dínkù. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kankan, ẹ béèrè irú tí wọ́n ń gbà àti ẹni tó máa sanwó ọkọ̀.