Bí mo ṣe rí ohun tó ń ṣe AC wa tó ń fẹ́ tí kò tutù

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi sùn nínú ooru kí n tó rí ìdí ẹ̀. AC yàrá wa ò kú o, ó ń tàn, atẹ́gùn ń jáde lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ atẹ́gùn yẹn ò yàtọ̀ sí ti fáànù lásán, bẹ́ẹ̀ mo ti gbé e sí 18 láti àárọ̀. Àbúrò mi wọlé, kò tíì jókòó tó ti ní "Ẹ̀gbọ́n, gáàsì ẹ̀ ló tán, ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó máa rọ ọ́." Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí, torí pé gáàsì AC kì í ṣe epo tí ẹ̀rọ ń mu. Inú páìpù tí wọ́n ti dí gbọn-in ló ń yí po, á lọ á bọ̀, bí páìpù ò bá ti jò, gáàsì tí wọ́n fi sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 10. Tó bá dín, ó ń jò níbì kan ni, ẹni tó bá wá rọ òmíràn sí i láì wá ibi tó ti ń jò, inú afẹ́fẹ́ ló ń da owó yín sí. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí agbára wa ká ná.

Rìmóòtù ni mo kọ́kọ́ wò, torí tí ọmọdé bá fi ṣeré tó tẹ̀ ẹ́ sí àmì fáànù, atẹ́gùn lásán ni AC á máa fẹ́. Àmì yìnyín ló yẹ kó wà, ibẹ̀ náà ni tiwa wà.

Mo ṣí ojú AC, mo fa fílítà méjèèjì yọ. Ha! Eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn bíi pé wọ́n fi aṣọ onírun bò ó, mo gbé e sókè sí gílóòbù, mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan kó gba ojú ẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn ni mo ti da omi sí i kí eruku lè gba ibi tó bá wọlé jáde, mo sá a síbi tí oòrùn ò ti pa á, torí oòrùn máa ń ká ike ẹ̀ kò. Fílítà tó bá dí báyìí lè mú kí irin tútù inú AC di yìnyín, torí náà mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn ẹ̀, mi ò rí yìnyín. Nígbà tí mo dá fílítà padà, atẹ́gùn pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ kò tutù. Mo fi tẹmómítà síbi tó ti ń fa atẹ́gùn wọlé, 30, mo fi síbi tó ti ń jáde, 29. AC tí ara ẹ̀ le, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì máa ń tó dígírì 8 sí 12.

Ìta lọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Mo lọ dúró ti àpótí ìta, fáànù ẹ̀ ń yí, mo gbé ọwọ́ síwájú ẹ̀, atẹ́gùn tó ń jáde ò gbóná rárá. Ibẹ̀ ni mo ti fura, torí iṣẹ́ àpótí yẹn ni kó máa kó ooru inú ilé jáde, tí kò bá gbóná, a jẹ́ pé kò rí ooru kankan kó. Mo fọwọ́ kan páìpù tó nípọn nínú méjèèjì, èyí tó yẹ kó tutù kó sì máa làágùn, ó gbẹ táútáú. Mo wá fetí sílẹ̀ dáadáa: ó máa kùn húúún fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, á ṣe kà!, á dákẹ́, tó bá tún pẹ́ díẹ̀, húúún, kà! Kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ inú àpótí yẹn tó ń ti gáàsì yí po, ló fẹ́ gbéra tí kò lè gbéra, ara ẹ̀ á gbóná, ohun tó ń dáàbò bò ó á sì já a kúrò lórí iná kó má baà jó.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń fa èyí, yálà kí iná má tó tàbí kí kàpásítọ̀ ti rẹ̀. Mo fi mítà wọn iná tó ń wọlé, ó pé. Kàpásítọ̀ yìí ló ń ti kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ti mọ́tò tí kò gba sítáàtì, tí ẹni tó ń tì í ò bá lágbára, mọ́tò á kàn máa mì lójú kan ni.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Mo pa bíréékà, mo tún fi mítà wọ̀n ọ́ pé iná ti kúrò lóòótọ́ kí n tó tú síkúrù kankan, kàpásítọ̀ sì máa ń di iná mú sínú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa gbogbo ẹ̀, ó lè gbe èèyàn gan-an. Àwọn kan máa ń fi sukudiráífà kan orí ẹ̀ méjèèjì kó pariwo pàù, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Rẹsísítọ̀ 20,000 óòmù, nǹkan kékeré tó ń jẹ́ kí iná rọra ṣàn jáde, ni mo fi ẹ̀mú tó ní rọ́bà lọ́wọ́ mú, mo fi kan ojú méjèèjì fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, mo wọ̀n ọ́ títí mítà fi ka òdo. Àbúrò mi ti fi fóònù ya bí wáyà ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí n tó yọ ọ̀kankan.

Bí mo ṣe yọ ọ́, a ti rí i: orí ẹ̀ tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ ti wú bí agolo tó bàjẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni 35 máíkírófárádì (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó), 5% sókè tàbí sísàlẹ̀, ìyẹn ni pé kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 33 àti díẹ̀ lọ. Mítà ka 11.

Mo ra 35 míì, fóòtì 450 bíi ti tẹ́lẹ̀ (fóòtì ẹ̀ lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín), mo wo fọ́tò dá wáyà padà. Kí n tó dé e, mo rọra fi omi fọ eruku ẹ̀yìn àpótí náà, omi lásán tí kò ní agbára, torí àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn máa ń tẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó gbẹ tán, mo gbé bíréékà sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn gùn lójú mi, torí AC máa ń dúró bẹ́ẹ̀ kó tó gbé kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ká tó mọ̀, ìró ẹ̀ yí padà, ó rinlẹ̀, kò sí kà! kankan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, páìpù tó nípọn ti ń làágùn. Tẹmómítà: 29 níbi tó ń fà, 18 níbi tó ń fẹ́.

Tí AC tiyín bá jẹ́ inverter, ẹ má tẹ̀ lé mi débi kàpásítọ̀ yìí o, bọ́ọ̀dù ló ń darí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tiẹ̀, iná tó ń dúró sára bọ́ọ̀dù yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń fọwọ́ kàn. Tẹ́ ẹ bá sì rí yìnyín lára páìpù tàbí ọ̀rá epo níbi tí páìpù ti so pọ̀, ó ṣeé ṣe kó máa jò, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè, kó wá ibi tó ti ń jò kó tó rọ gáàsì.

Kí n tó ti àpótí náà pa, mo fi bírò kọ déètì ọjọ́ yẹn sára kàpásítọ̀ tuntun, mo sì gbé ògbólógbòó tó wú yẹn fún àbúrò mi kó fi pamọ́, kó lè fi han ẹni tó bá tún sọ fún un pé gáàsì ló tán.